Ìyá Múfú Tó Jẹun ní Gbangba Lọ́sàn-án Ààwẹ̀

Ìyá àgbà mi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lórí àga tó máa ń jókòó sí tó bá kírun Àsùbáà tán. Èmi ni mo bá a níbẹ̀. Mo ti mú ẹ̀rọ tá a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dání, mo ti fi òwú nu ìka rẹ̀, mo sì ti gún un kí n tó kíyè sí i pé ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Mo tún gún ìka kejì. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀, tí mo lọ pe bàbá mi. Bí ẹni tó fẹ́ sọ pé gáàsì ti tán ni mo ṣe pè é.

Ó ti pé ogójì ọjọ́ báyìí. Mi ò tíì sunkún. Àwọn ẹbí tó wá láti Ìséyìn wò mí, wọ́n wo ara wọn, ọ̀kan nínú wọn ní ojú mi gbẹ jù fún ọmọ tí ìyá yìí tọ́ dàgbà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ oníke kan ní àárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìsọlọ̀, mo ń yẹ ìdérí ìgò wò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mo sì ń padà sílé. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa ń gún un níka kí n tó jáde, aago yẹn náà ló sì ń jí mi di òní. Màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mi ò ní ronú nǹkan kan.

Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbí dé ikú. Ìwé pélébé tí wọ́n pín lọ́jọ́ fìdáù ti ṣe ìyẹn, ó pọ́n ọn lé, ó sì sú mi í kà. Irú èèyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ohun kan tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé wa.

Ṣìfáwù ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ Ìyá Múfú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé bàbá mi, Múfútàù, ni àkọ́bí rẹ̀. Òwú, bọ́tìnì, síìpù àti abẹ́rẹ́ ló ń tà fún àwọn télọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan tó wà níwájú ilé wa, lọ́nà tó lọ sí Ire-Akári. Ó nífẹ̀ẹ́ kó máa borí. Bí ẹ bá bá a jiyàn lórí àwọ̀ òwú, ó máa mú òwú náà jáde sí oòrùn, ó máa pe ẹni tó ń kọjá lọ wá ṣe ẹlẹ́rìí. Èèrà ló kọ́kọ́ fi àìsàn rẹ̀ hàn wá, nígbà tí wọ́n ń ṣù bo ibi tó bá ti tọ̀ lẹ́yìn ilé. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni. Ó ní òun ò ní máa pe orúkọ tó burú tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé òun. Láti ọjọ́ yẹn, "ayálégbé" ló ń pè é. Á jí láàárọ̀, á na ìka sí mi, á ní, "Wò ó bóyá ayálégbé sùn dáadáa." Bí nọ́ńbà náà bá ga, á gbé ojú sókè bí onílé tí wọ́n ń fi ariwo dà láàmú, á wá ní, "Ayálégbé lásán ni. Èmi ni mo nilé."

Oúnjẹ ni wọ́n sábà máa ń bá a ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ pé kí èbà rẹ̀ má ju ẹ̀ṣẹ́ tó bá dì lọ. Ìyá àgbà gbà á gan-an bó ṣe gbọ́ ọ. Níbikíbi tó bá ti jẹun, yálà nílé àna ni o tàbí níbi ìsọmọlórúkọ, ó máa di ẹ̀ṣẹ́, ó máa gbé e ti èbà inú àwo, ó máa fi ìka gé èyí tó bá yọ kúrò, á sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú á máa tì mí. Nígbà kan, ìyàwó ilé kan bú sẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Ìyá àgbà ò bínú. Ó wo ìyàwó náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Gbé ẹ̀ṣẹ́ tìẹ náà wá ká wò ó."

Nítorí iná tí kì í dúró, inú ìkòkò ló ń tọ́jú ìgò ínsúlíìnì rẹ̀ sí. Ìkòkò amọ̀ méjì ni, kékeré nínú ńlá, ó wá da yanrìn tútù sí àárín wọn. Ojoojúmọ́ ló ń wọ́n omi sí yanrìn náà, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Fúnra rẹ̀ ló ń gún ara rẹ̀ níkùn. Oníbàárà lè wà níwájú rẹ̀ o, á ká ẹ̀wù sókè díẹ̀, á gún un, á sì máa dárúkọ oríṣi síìpù tó wà nílẹ̀ lọ. Bí ẹni náà bá wo ibòmíràn, á ní, "Abẹ́rẹ́ náà lo wá rà, kí lò ń sá fún?"

Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ló ń fọ ẹsẹ̀ méjèèjì fún àlùwàlá, síbẹ̀ kò mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi láti wò ó bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì rí píìnì télọ̀ kan tó wọnú gìgísẹ̀ rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Àárọ̀ ló ti gún un. Ó ti rìn lọ rìn bọ̀ lórí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà. Mo fà á yọ, òun ò tiẹ̀ mira. Ó wo píìnì náà, ó wo ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ni o, àmọ́ kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ń wá sí mi lọ́kàn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Bó ṣe ń ṣe mí gan-an nìyẹn.

Ewúro ló dá ìjà tó le jù sílẹ̀ láàárín èmi àti òun. Ó gbà pé ohun tó bá korò gbọ́dọ̀ lé ohun tó dùn kúrò lára, nítorí náà bó bá gún abẹ́rẹ́ tán, á tún gbé omi ewúro tó ki mu lé e lórí. Ní ọjọ́ kan, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń pè mí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Mo da omi ṣúgà sí i lẹ́nu, ojú rẹ̀ sì là. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì bá a wí gidigidi. Ó ní ṣúgà tó ga ń pa èèyàn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ èyí tó bá lọ sílẹ̀ lè pa á kí oúnjẹ tó jinná. Ìyá àgbà gbọ́, ó dúpẹ́. Nígbà tí a dé ìta, ó ní, "Ọmọdébìnrin yẹn gbọ́n, àmọ́ kò tíì dàgbà."

Gbogbo èyí ni mo fi ń wá ọ̀nà láti dé orí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀.

Ní Ramadan ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, dókítà ti sọ fún un pé kó má gbààwẹ̀. Àlùfáà mọ́sáláṣí wa pàápàá sọ fún un pé aláìsàn ní àwáwí, kó máa bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá jẹun. Kò gbà. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́gbẹ́ àsàlátù nígbà náà pé òun ni wọ́n máa fi jẹ Ìyá Àdínnì, ó sì gbà pé Ìyá Àdínnì tí kò gbààwẹ̀ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ láàárín àwọn obìnrin. Ó wá ń gbà á. Fúnra rẹ̀ ló ń dín abẹ́rẹ́ rẹ̀ kù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń dín in kù. Kò tún jẹ́ kí n gún un níka mọ́, nítorí ó ní ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde lára aláàwẹ̀ ti ba ààwẹ̀ náà jẹ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ìwé kékeré tí nọ́ọ̀sì fún wa. Àràárọ̀ ló yẹ kí n máa kọ nọ́ńbà ṣúgà rẹ̀ sínú rẹ̀, ká sì máa gbé e lọ sí kíníìkì lóṣooṣù. Ọ̀sẹ̀ kìíní Ramadan ti lọ, ojú ìwé ṣófo. Ó gbé e wá bá mi nínú yàrá.

"Kọ nǹkan sí i."

"Kí ni kí n kọ, Mà? A ò yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kọ èyí tó bá ojú mu. Ṣé o fẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹn máa pariwo mọ́ mi ni?"

Mo kọ ọ́. Mo kọ àádọ́fà, mo kọ ọgọ́fà, mo kọ àádọ́fà lé mẹ́ta. Bírò mẹ́ta ni mo lò kó má bàa jọ pé ọjọ́ kan náà ni mo kọ ọ́. Iṣẹ́ náà tiẹ̀ wù mí, nítorí ó jọ òótọ́. Kíníìkì nìkan ni mo rò pé ìwé náà ń lọ.

Ọjọ́ Àìkú ló gbé e lọ sí àsàlátù. Àwọn obìnrin ti ń sọ láàárín ara wọn pé àwọn tó ní ṣúgà lára ò lè gbààwẹ̀ lọ́dún yẹn. Ìyá àgbà dìde, ó ní ẹni tó bá ní òun ò lè gbà á, ọ̀lẹ ni. Ó na ìwé náà sí Ìyá Sàdíà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Ìyá Sàdíà, abọ́ oníke ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tiwa, àtọ̀gbẹ wà lára òun náà, ó sì kàwé díẹ̀. Ìyá Sàdíà ka nọ́ńbà mi sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin ń ṣe "Álíhámúdù." Lọ́jọ́ kejì, òun náà bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ó sì gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé pérépéré, bí kíníìkì ṣe ní kó ṣe.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ló ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mi ò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ojú mi ló ṣe. Níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, òógùn ń ṣàn lára Ìyá Sàdíà, ẹnu rẹ̀ ń wúwo. Ẹnìkan fẹ́ fún un ní ohun mímu, ó fi ọwọ́ tì í. Ó ní, "Ẹ má ba ààwẹ̀ mi jẹ́." Wọ́n wo Ìyá àgbà, torí pé òun ni wọ́n máa ń wò. Ìyá àgbà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó máa gbà á já." Ìyá Sàdíà dìde pé òun fẹ́ lọ síbi tí atẹ́gùn wà. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì ṣubú lu etí gọ́tà. Mo gbọ́ bí egungun ìdí rẹ̀ ṣe dún. Télọ̀ kan ló sáré da ṣúgà sí i lẹ́nu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ì bá ti kú níbẹ̀. Kò kú o. Àmọ́ kò rìn láìlo ọ̀pá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyá àgbà ní kí n se ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n àti ẹ̀wà. Ó gbé bẹ́ǹṣì síwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí gbogbo ẹni tó ń ti mọ́sáláṣí bọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ó ní kí n gún òun níka níbẹ̀, kí n pe nọ́ńbà náà sókè. Mo pè é. Igba ó lé ogójì ni, ayálégbé ò sùn rárá. Ó gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó ní "Bìsìmílláhì," ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde láti ibi ìrun.

Wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn kan ní ojú ayé ló ń ṣe. Àlùfáà fúnra rẹ̀ wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rọra ní, "Ìyá, Ọlọ́run gba àwáwí yín. Ẹ wọlé lọ jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́." Ìyá àgbà gbé ẹ̀wà tó wà lẹ́nu mì ná. Ó ní, "Àlùfáà, gbangba ni mo ti parọ́. Gbangba ni n ó ti jẹun."

Ó wá sọ fún gbogbo wọn pé irọ́ ni nọ́ńbà inú ìwé yẹn. Ó ní, "Èmi ni mo kọ ọ́." Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé kẹ́tùrù omi dání. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ojoojúmọ́ ló jẹun níbẹ̀ títí ààwẹ̀ fi parí, ó sì ń bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́rin mìíràn tó ní ṣúgà lára ti ń wá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì yẹn, wọ́n ń jẹun pẹ̀lú rẹ̀, ojú ń tì wọ́n díẹ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi jẹ Ìyá Àdínnì. Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí, mi ò sì rò pé ó dùn ún tó bí mo ṣe rò pé ó máa dùn ún tó.

Ohun tó dùn ún ni pé Ìyá Sàdíà ò dá a lóhùn. Ọdún mẹ́fà gbáko, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá àgbà máa gbé oúnjẹ lọ sílé rẹ̀, oúnjẹ àwọn tó ní ṣúgà lára, tí kò níyọ̀ púpọ̀, á sì tọrọ àforíjì. Ìyá Sàdíà á gba oúnjẹ, á dúpẹ́, á sọ̀rọ̀ nípa ọmọ, nípa òjò, nípa iná. Kò sọ ohun tí Ìyá àgbà wá gbọ́. Ìyá àgbà á padà dé pẹ̀lú abọ́ tó ṣófo, màá sì wo ojú rẹ̀. Á ní, "Kò tíì wí." Ọ̀rọ̀ kan náà ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí kídìnrín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí daṣẹ́ sílẹ̀ tí kò lè rìn lọ mọ́, èmi ló ń rán, ó sì máa ń jí sílẹ̀ dè mí.

"Ó wí?"

"Kò wí, Mà."

Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ikú rẹ̀, ó kàn mi orí ni, kò bi mí mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà la sin ín. Wọ́n gbé e sí ojúde ilé láti kírun sí i lára. Àlùfáà bi àwọn èèyàn bí ẹnikẹ́ni bá wà tí ìyá yìí ṣẹ̀, tí kò tíì dárí jì í, kó sọ̀rọ̀ báyìí. Ìyá Sàdíà fi ọ̀pá rẹ̀ gbé ara rẹ̀ dìde ní ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ó ní, "Èmi ló ṣẹ̀ jù níbí. Mo ti dárí jì í. Ó ti pẹ́."

Àwọn èèyàn ṣe àmín. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ lára láti àárọ̀ wá ni ìbínú tó gun orí mi nígbà náà. Wọ́n kírun tán, wọ́n ń gbé e lọ sínú mọ́tò. Mo tẹ̀ lé Ìyá Sàdíà lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tó ti jókòó sórí àga, mo dúró níwájú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà ló fi ń bẹ̀ yín, Mà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti dárí jì í, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún un?"

Kò bínú sí ohùn tí mo fi bá a sọ̀rọ̀.

"Ìyá ẹ, ṣé ó mọ̀wé kọ ni?"

Kò dúró de èsì mi.

"Gbogbo Jímọ̀ ló ń wá jókòó síwájú mi. 'Èmi ni mo kọ irọ́ yẹn, dárí jì mí.' Obìnrin tí kò lè kọ orúkọ ara ẹ̀. Irọ́ ló fi gbé mi ṣubú, ó tún ń fi irọ́ bẹ̀ mí. Mo ní ọjọ́ tó bá sọ òótọ́ fún mi, bó ti wù kó kéré mọ, ọjọ́ yẹn ni n ó dá a lóhùn." Ó fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀. "Kò dárúkọ ẹ. Mo dúró títí, kò dárúkọ ẹ."

"Èmi ni mo kọ ọ́, Mà."

"Mo mọ̀."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní kì í ṣe òun ló yẹ kí n bẹ̀. Ní ìta, mo gbọ́ tí wọ́n pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé, tí mọ́tò náà sì gbéra.